Ta Ló Ni Ọ̀nà Yìí?

Bí àlejò bá wọ Kàbà, tí ó ní òun fẹ́ mọ bí ìlú náà ṣe ń jọba, kò ní í rìn jìnnà kó tó rí ẹni tí yóò là á yé e. Wọn á sọ fún un pé Ọbáró ni olórí, pé Ọbadòfin àti Ọbajẹ́mu wà pẹ̀lú rẹ̀, pé oyè kọ̀ọ̀kan ní ojúlé tó ti ń wá. Wọn á ka orúkọ àwọn tó ti jẹ kọjá, wọn á dárúkọ ẹni tí oyè fò dá àti ìdí tó fi fò ó dá. Bó bá jẹ́ àgbà ló ń sọ̀rọ̀, ilẹ̀ lè ṣú bá wọn níbẹ̀.

Kí àlejò náà wá yí ìbéèrè padà. Ta ni káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín? Èló ni káńsù Kàbà/Búnú rí gbà lóṣù tó kọjá? Ọ̀nà tó gba iwájú ilé yín kọjá yìí, ta ló yẹ kó tún un ṣe: káńsù ni, ìjọba ìpínlẹ̀ ní Lọ́kọ́ja ni, àbí Àbújá? Ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ẹnìkan á rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn á ní, "Ṣebí ìjọba náà ni gbogbo wọn."

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé àìkàwé ló fà á nílẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwọn Yorùbá ní Ìpínlẹ̀ Kógí, níbi tí Kàbà wà. Láti ọdún 1908 tí Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì ará Kánádà, ti dé Yàgbà ni ìwé ti ń wọlé níbẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ní Ẹ̀gbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1951. Kàbà ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Sént Augustine's, ó sì ti ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello. Àwọn ọmọ Òkun wà láàrin àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn ọ̀gágun àti àwọn akọ̀wé àgbà ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n tó padà wálé fún ọdún Àjíǹde kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju àgbẹ̀ tó bá nílé lọ, nígbà tí a bá béèrè ohun tí òfin ní kí káńsù ṣe.

Orúkọ ènìyàn ni a fi mọ ìjọba. Ọmọ ta ni? Ará ibo ni? Ìyẹn ni ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde bí ipò kan bá ṣí sílẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ kì í sì í ṣòro. Láti August 27, 1991 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Kógí sílẹ̀ láti ara Kwara àti Benue, kò tíì sí ọmọ Òkun tí wọ́n dìbò yàn sípò gómìnà. Kò sí ọmọ Òkun tí kò mọ èyí. Wọ́n rántí pé Clarence Olafemi, ọmọ Òkun láti Mọ̀pà tó jẹ́ olórí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, di adelé gómìnà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní 2008 nígbà tí ilé-ẹjọ́ fagi lé ìbò gómìnà. Wọ́n rántí November 2015, nígbà tí Abubakar Audu tó ń du ipò gómìnà kú kí wọ́n tó kéde èsì ìbò tán, tí ipò náà kò sì bọ́ sọ́wọ́ James Faleke tó bá a dupò gẹ́gẹ́ bí igbákejì, ọmọ Òkun láti Ẹkìnrìn-Àdé, bí kò ṣe sọ́wọ́ Yahaya Bello. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń ro wọ́n lọ́kàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ nínú àríyànjiyàn náà ni ohun tí ọ́fíìsì gómìnà lágbára láti ṣe fún Kàbà, ohun tí kò lágbára láti ṣe, àti ọ̀nà tí owó rẹ̀ ń gbà wọlé.

Ọ̀nà Ọbàjànà sí Kàbà ni kí a fi wò ó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kòtò àti ẹrẹ̀ ni ẹni tó bá ń ti Lọ́kọ́ja bọ̀ máa ń bá jà. Ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó sìmẹ́ǹtì jáde láti Ọbàjànà ti fọ́ ọ̀nà náà kọjá àlà. Lónìí, nǹkan bíi kìlómítà 43 ló ti di kọnkéré, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà kọnkéré tó gùn jù ní Nàìjíríà. Bí a bá béèrè ẹni tó ṣe é, "Dangote" ni a óò gbọ́, ìdáhùn náà á sì dún bí ìgbà tí olówó kan ta ìlú lọ́rẹ. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú náà ní ọ̀gá tiwọn tí wọ́n ń dárúkọ.

Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni ọ̀nà náà. Ilé-iṣẹ́ Dangote ló ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ ètò kan tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ni, èyí tí ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, mú gbòòrò sí i pẹ̀lú àṣẹ tó fọwọ́ sí ní January 2019. Ètò náà ní kí ilé-iṣẹ́ ńlá fi owó ara rẹ̀ tún ọ̀nà ìjọba ṣe, kó sì máa yọ owó náà díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú owó orí tí ì bá san fún ìjọba. Kì í ṣe ọrẹ, kì í sì í ṣe èrú. Owó orí ilé-iṣẹ́ wà lára ohun tó ń wọ àpò àpapọ̀ tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ń pín. Bí ilé-iṣẹ́ bá yọ owó ọ̀nà kúrò nínú rẹ̀, ohun tí a óò pín dín kù nìyẹn. Ìpín tí ì bá kan káńsù Kàbà/Búnú, káńsù Ìjùmú ní Ìyàrà, káńsù Yàgbà Ìlà-Oòrùn ní Ìsánlú, àti gbogbo káńsù tó kù ní Nàìjíríà, díẹ̀ nínú rẹ̀ wà nínú kọnkéré yẹn. Àgbẹ̀ tó ń gbé iṣu kọjá lórí rẹ̀ ti dá owó níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni kò mọ̀.

Ọ̀nà rere ni. Ẹni tó bá ti gbà á kọjá nígbà òjò láyé ìjọ́un á mọ̀ pé kò sí ohun tí a lè fi wé e. Ṣùgbọ́n ìlú tó bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń san owó rẹ̀ padà fún kò lè béèrè pé èló ni wọ́n fi ṣe é, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò, ọdún mélòó ló yẹ kó lò kó tó bàjẹ́. Bákan náà ni, bí kòtò bá yọ lójú ọ̀nà Kàbà sí Ìlọrin, tí òun náà jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, alága káńsù ni wọn yóò máa bú, ẹni tí òfin kò fún láṣẹ lórí rẹ̀. Alága ọ̀hún kì í sì í ṣàlàyé. Èébú orí ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ máa ń bo àwọn kòtò tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ọbàjànà fúnra rẹ̀ tún fi èyí hàn. Ní October 2022, lẹ́yìn tí ilé aṣòfin Kógí ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ti ibẹ̀ pa. Wọ́n ní ìpínlẹ̀ ló ni ín, pé àdéhùn tí wọ́n fi gbé e lé Dangote lọ́wọ́ ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní irọ́ ni, òun ló fi owó òun kọ́ ọ. Ìjọba àpapọ̀ dá sí i, wọ́n sì ṣí i padà kí oṣù náà tó parí. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà wà lórí ilẹ̀ wọn, tí eruku rẹ̀ ń bà sórí òrùlé wọn, inú ìwé ìròyìn ni púpọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àdéhùn náà sọ. Dúkìá tó tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ní ti gbogbo ará ìpínlẹ̀ ni, ogún ọdún gbáko, àwọn onídúkìá kò rí ìwé rẹ̀ sójú.

Ẹ jẹ́ ká pín in bí òfin ṣe pín in. Ẹni tó bá ń dìbò ní Kàbà ní ipò méje tí yóò tẹ̀ka fún: káńsẹ́lọ̀, alága káńsù, aṣòfin ìpínlẹ̀, gómìnà, aṣojúṣòfin ní Àbújá, sẹ́nétọ̀ àti ààrẹ. Kàbà/Búnú ní ẹnìkan nínú aṣòfin 25 tó wà ní Lọ́kọ́ja. Òun àti Ìjùmú ló jọ ní aṣojúṣòfin kan. Ìjọba ìbílẹ̀ méje, láti Yàgbà Ìwọ̀-Oòrùn títí dé Kotonkárfè, ló jọ ní sẹ́nétọ̀ kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ káńsù wà nínú ìwé òfin 1999, ní àfikún kẹrin. Ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, ibi ìsìnkú, gọ́tà, ilẹ̀ gbígbá, títún àwọn ọ̀nà àárín ìlú ṣe, kíkọ orúkọ sí àdúgbò, àkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó. Òun àti ìpínlẹ̀ ló jọ ni ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìtọ́jú ìlera. Ẹni tó bá ka ìlà wọ̀nyí á rí i pé ohun tó ń yọ ìyá ọlọ́jà lẹ́nu láàárọ̀ ọjọ́ ọjà Kàbà, káńsù ló ni ín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ipò káńsẹ́lọ̀ ni ìbò rẹ̀ kì í dun ẹnikẹ́ni. Láti ọdún 2016 títí di ìparí 2020, kò tilẹ̀ sí ẹni tí a dìbò yàn. Àwọn tí gómìnà yàn ló ń jókòó sí káńsù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé òfin ní dandan kí a dìbò yàn wọ́n ni. Nígbà tí wọ́n wá dìbò ní December 2020, ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà ló kó gbogbo káńsù 21. Ní October 2024, ẹgbẹ́ kan náà tún kó gbogbo 21. Ẹni tó bá mọ èsì kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀, kí ló fẹ́ fi orúkọ káńsẹ́lọ̀ ṣe?

Ọ̀rọ̀ owó ló dùn ún sọ jù, nítorí pé ibẹ̀ ni òkùnkùn pọ̀ sí. Owó tí Àbújá ń pín lóṣooṣù, tí àwọn ènìyàn ń pè ní àlókéṣọ̀n, ìlànà kan wà tí wọ́n fi ń pín in: ìjọba àpapọ̀ ń mú ìdá 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo ìpínlẹ̀ ń mú 26.72, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ń mú 20.60. Ní 2004, nígbà tí Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn: iye tó kan ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, iye tó kan káńsù kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìròyìn ọjọ́ náà tà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, olùkọ́ ní Mọ̀pà lè fi ìka tọ́ka sí orúkọ káńsù rẹ̀ kó sì rí iye tó wà níwájú rẹ̀.

Ohun tí kò sí nínú ìwé ìròyìn ni ibi tí owó náà ń gbà lẹ́yìn Àbújá. Ìwé òfin ní kí ìpínlẹ̀ ní àpò àjùmọ̀ní kan tí owó gbogbo káńsù rẹ̀ yóò máa wọ̀. Inú àpò yẹn ni owó ti ń pòórá kárí Nàìjíríà. Alága káńsù á lọ sí Lọ́kọ́ja, wọn á yọ owó oṣù olùkọ́, owó ìfẹ̀yìntì, owó èyí, owó ọ̀hún. Ohun tó bá kù ni yóò mú bọ̀ wálé. Ní Kógí, ọdún wà tí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù ń gba owó oṣù ní ìdá-ìdá: oṣù yìí ìdajì, oṣù tó ń bọ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè, káńsù á ní kí wọ́n lọ bi ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ á ní owó káńsù ni. Òṣìṣẹ́ tó ń gbé nínú ìjọba fúnra rẹ̀ kò mọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó.

Ní July 11, 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Àbújá dájọ́ pé kò sí gómìnà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti di owó káńsù mú, kí ìjọba àpapọ̀ máa san án fún káńsù ní tààrà. Ìjọba àpapọ̀ ló pe gbogbo ìpínlẹ̀ 36 lẹ́jọ́. Inú dùn nílé àti lóko. Àmọ́ ìdájọ́ kò yí ohun kan padà: owó tó bá dé ọwọ́ alága kò ní í ṣàlàyé ara rẹ̀. Bí gómìnà bá yọwọ́, tí ará ìlú kò sì mọ iye tó wọlé, ọwọ́ tó ń di owó mú ni a pààrọ̀.

Ìdánwò tó tóbi jù tí òfin fún ará ìlú ní ẹkùn Kógí Ìwọ̀-Oòrùn wáyé ní 2018. Ìwé òfin 1999, ní abala 69, ní bí inú àwọn olùdìbò kò bá dùn sí sẹ́nétọ̀ wọn mọ́, wọ́n lè pè é padà sílé. Ohun mẹ́ta ló gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Ó gbọdọ̀ jẹ́ pé ó lé ní ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà tó fọwọ́ sí ìwé. Àjọ elétò ìdìbò, INEC, gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò pé àwọn gan-an ló fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ẹkùn yóò wá dìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ní June 2017, wọ́n kó ìwé lọ bá INEC láti pe Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye padà, ọmọ Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ́. Ìbuwọ́lù 189,870 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà lé díẹ̀ ní 351,000, nítorí náà ó ju ìdajì lọ dáadáa. Sẹ́nétọ̀ gba ilé-ẹjọ́ lọ, ọ̀rọ̀ náà sì fà títí di ọdún kejì. Ní ọjọ́ Sátidé, April 28, 2018, INEC gbé tábìlì kalẹ̀ ní ibùdó ìdìbò gbogbo ní ìjọba ìbílẹ̀ méjèèje pé kí àwọn tó fọwọ́ sí ìwé wá jẹ́rìí ara wọn.

Àwọn tó jáde tí orúkọ àti ìbuwọ́lù wọn bára mu kò tó 19,000. Ìdá 5.34 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo olùdìbò ẹkùn náà. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, sẹ́nétọ̀ sì lo sáà rẹ̀ tán.

Àlàyé méjì ni àwọn ènìyàn ń ṣe láti ìgbà náà. Àwọn kan ní orúkọ ayédèrú ló kún inú ìwé, pé ẹnìkan jókòó síbì kan ó ń kọ orúkọ àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọn mìíràn ní òótọ́ ni wọ́n fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ ìjẹ́rìí, ẹ̀rù bà wọ́n, tàbí wọn kò mọ̀ pé wọ́n tún gbọdọ̀ jáde. Wọ́n rò pé ìbuwọ́lù náà ti tó. Èyí tó wù kó jẹ́ òótọ́, kò sí èyí tó yin ẹkùn náà. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, orúkọ ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni wọ́n lò láìsí ẹni tó mọ̀ kó tó di pé INEC dé. Bó bá jẹ́ ti ìkejì, wọ́n gbé ohun ìjà tó lágbára jù tí òfin fún wọn, wọn kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yìn ín. Ẹni tó fẹ́ràn Melaye àti ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀, kí wọ́n jọ ronú lórí èyí.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, àwọn ará Kógí Àárín Gbùngbùn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Òkun gbìyànjú bákan náà lórí Sẹ́nétọ̀ Natasha Akpoti-Uduaghan. Ní April 2025, INEC ní ìdá 43.86 ló wà nínú ìwé tí wọ́n mú wá. Kò pé ìdajì, ó sì parí síbẹ̀. Láti 1999, kò tíì sí aṣòfin Nàìjíríà kankan tí wọ́n tíì rí pè padà.

Bóyá nítorí pé a kò mọ iṣẹ́ aṣòfin ni. Òfin ṣíṣe, àyẹ̀wò bọ́jẹ́ẹ̀tì àti bíbi àwọn mínísítà léèrè ni wọ́n tìtorí rẹ̀ rán an lọ. Ní ilẹ̀ Òkun, bíi ti gbogbo ibòmíràn, ẹ̀rọ ìlọta, ọ̀kadà, ẹ̀rọ ìránṣọ àti bóhòlù ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá pín in pọ̀ ló ṣe dáadáa. Bóhòlù náà wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀, lábẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ ẹkùn ìdìbò. Ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ló ń gbé kọngílá rẹ̀ jáde. Owó ìjọba ni, àmọ́ orúkọ àti àwòrán ẹnìkan ló wà lára rẹ̀. Láti 2019 ni àjọ ICPC tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ ti ń lọ wo àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí lójúlé lójúlé, ẹgbẹ́ BudgIT náà sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn pẹ̀lú ètò tí wọ́n pè ní Tracka. Wọ́n ń bá àwọn kan níbi tí ìwé ní wọ́n wà, wọn kì í bá àwọn mìíràn.

Ìgbà kan wà tí ewu ni àìmọ̀ yìí. Ní òru September 12, 2021, àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbà, wọ́n fi bọ́ǹbù fọ́ ògiri, ẹlẹ́wọ̀n 240 sì sá lọ nínú 294 tó wà níbẹ̀. Ibùgbé 200 ènìyàn ni wọ́n kọ́ ọgbà náà fún ní 2008. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ta ni yóò bi léèrè ní láti mọ̀ pé lọ́jọ́ náà, lábẹ́ òfin, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ni ọgbà ẹ̀wọ̀n. Káńsù kò ni ín, ìpínlẹ̀ kò ni ín. Ní March 2023 ni àtúnṣe ìwé òfin tó jẹ́ kí ìpínlẹ̀ náà lè ní ti ara rẹ̀ wáyé. Ọ̀pọ̀ ará ìlú kò gbọ́ nípa àtúnṣe náà di bí a ṣe ń wí yìí.

Kò yẹ ká fi Kàbà nìkan ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé òfin láti kékeré, ìwádìí tí ibùdó Annenberg ti Yunifásítì Pennsylvania ṣe ní 2016 fi hàn pé ìdá 26 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà ló lè dárúkọ ẹ̀ka ìjọba wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé kan, Anthony Downs, ti sọ ìdí rẹ̀ ní 1957: ẹnìkan ṣoṣo kò lè fi ìbò rẹ̀ yí èsì padà, nítorí náà kò jèrè bó bá fi ọ̀sẹ̀ kan ka bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ó sàn kó lọ oko. Àwọn àgbẹ̀ Búnú ti ń ṣe ohun tí Downs wí kó tó di pé ó wí i.

Àmọ́ ilẹ̀ Òkun ní ìdí tirẹ̀ pẹ̀lú. Láyé N.A., ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ìgbà àwọn òyìnbó amúnisìn, owó orí ń ti ọwọ́ ọkùnrin kọ̀ọ̀kan jáde. Baálẹ̀ ló ń gbà á, dógarí, ọlọ́pàá N.A., sì wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ẹni tó bá ṣorí kunkun. Ó korò, ṣùgbọ́n ẹni tó san án mọ iye tó san, ó sì mọ ẹni tó gbà á. Lónìí, owó ń ti òkè sọ̀kalẹ̀. Kò sí ẹni tó rò pé tòun ni. Nígbà tó bá pòórá, ó dà bíi pé owó àjèjì ló sọnù. Èdè tún wà níbẹ̀: ìwé òfin, bọ́jẹ́ẹ̀tì, gàsẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn ló wà ní Gẹ̀ẹ́sì, àti irú Gẹ̀ẹ́sì tí ẹni tó jáde yunifásítì pàápàá ń kà lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà pé àwọn tó ń kọ ọ́ kò bínú pé ó ṣòro.

Òfin kan wà tó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn yìí. Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí i ní May 28, 2011. Ó ní ẹnikẹ́ni lè béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba, kò sì pọn dandan kó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè lọ fẹnu béèrè. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni òfin ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n sì lè fi méje mìíràn kún un bí iṣẹ́ náà bá pọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá kọ̀ láìnídìí yóò san ìtanràn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Fún ọdún púpọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ ń wí pé òfin Àbújá ni, pé kò dè wọ́n. Ní April 2025, nínú ẹjọ́ kan tó ti Edo wá, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ó dè wọ́n, ìpínlẹ̀ àti káńsù pẹ̀lú.

Lórí bóyá irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ń yí nǹkan padà, Yùgáńdà ni àpẹẹrẹ tí àwọn ènìyàn máa ń tọ́ka sí. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé méjì, Ritva Reinikka àti Jakob Svensson, tọ ipa owó tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láàárín 1991 sí 1995. Ìdá 13 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń dé ibẹ̀. Ìyókù dúró sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àgbègbè. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye owó náà jáde nínú ìwé ìròyìn lóṣooṣù, wọ́n sì ní kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri kí àwọn òbí lè rí i. Nígbà tó fi di 2001, ó ti lé ní ìdá 80. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti jiyàn pé ìwé ìròyìn nìkan kọ́ ló ṣe é, pé ìjọba tún yí ọ̀nà tí owó ń gbà padà lásìkò kan náà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gba òtítọ́ wí. Síbẹ̀, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé-ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí èyí tó wà ní Kampala. Òbí tó wá mú ọmọ lè kà á, olùkọ́ àgbà sì mọ̀ pé ó ti kà á.

Iye tí káńsù Kàbà/Búnú gbà ní oṣù kọ̀ọ̀kan wà lákọsílẹ̀ ní Àbújá. Lábẹ́ òfin 2011 yẹn, ẹgbẹ́ ọlọ́jà lè kọ lẹ́tà sí alága káńsù pé kí ó sọ iye tó dé ọwọ́ òun nínú rẹ̀, iye tó kan ọjà, àti orúkọ ẹni tó gba kọngílá gọ́tà. Bí alága bá gbà á ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni ọjọ́ méje rẹ̀ pé.